Àwọn Tó Ń Fò Wọnú Ìjì Nígbà Tí Ilé Tiwọn Wà Lójú Ọ̀nà Rẹ̀: Keesler àti Katrina, 2005

Ọ̀rọ̀ bàálù tó ń pariwo lókè orí wa ní Biloxi yìí ni mo fẹ́ sọ, torí gbogbo ìgbà tí oṣù kẹfà bá ti wọlé ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àdúgbò máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé ariwo ti pọ̀ jù, pé bàálù ológun ò jẹ́ kí ọmọ àwọn sùn, pé kí ló dé tí wọ́n ń gbéra láàárín òru. Mi ò bá wọn jà o. Ẹni tí ò mọ ohun tó wà nínú bàálù yẹn á ráhùn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kọ ìtàn ọ̀sẹ̀ kan pàtó kalẹ̀, ọ̀sẹ̀ tí ìjì Katrina dé lóṣù kẹjọ 2005, kí ẹni tó bá kà á mọ irú èèyàn tó ń gbé láàárín wa níbí. Mi ò tíì sí ní Biloxi nígbà yẹn. Ohun tí mo mọ̀, mo mọ̀ ọ́n látinú àkọsílẹ̀ tí National Hurricane Center, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń tọpa ìjì, ṣe lẹ́yìn ìjì náà, àti lẹ́nu àwọn àgbà àdúgbò wa tí omi gbé ilé wọn lọ, tí wọ́n ṣì padà wá kọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ibi tí a wà ná. Keesler ni wọ́n ń pe bárékè àwọn ológun òfúrufú tó wà láàárín ìlú Biloxi gan-an, ní ìpínlẹ̀ Mississippi, létí Gulf of Mexico. Omi ló yí wa ká, òkun wà níwájú, Back Bay wà lẹ́yìn, ìlú wá há sáàárín méjèèjì. Inú bárékè yìí ni 53rd Weather Reconnaissance Squadron ń gbé láti 1973, àwọn tí gbogbo èèyàn ń pè ní Hurricane Hunters, ọdẹ ìjì. Abẹ́ Air Force Reserve ni wọ́n wà. Ìyẹn ni pé kì í ṣe gbogbo wọn ló ń wọ kàkí lójoojúmọ́, àwọn kan nínú wọn ní iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n ń ṣe, ìgbà tí wọ́n bá pè wọ́n ni wọ́n máa ń wá. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la jọ ń lọ, a jọ ń tò sórí ìlà ní ibi tí wọ́n ti ń ta epo mọ́tò, ọmọ wọn àti ọmọ wa jọ ń lọ sílé ìwé.

Bàálù mẹ́wàá ni wọ́n ní, WC-130J lorúkọ ẹ̀, ẹ́ńjìnnì mẹ́rin ló wà lápá rẹ̀, abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan ní ewé mẹ́fà. Àwọn ará ilé máa mọ mọ̀lẹ́bí rẹ̀. C-130 ni Air Force Nàìjíríà náà ń lò, àwọn tó dàgbà ní Ìkẹjà mọ ohùn rẹ̀ dáadáa, ọ̀kan nínú wọn náà ló já sí Èjìgbò ní Èkó lóṣù September 1992, tí àwọn ọ̀gá sójà tó wà nínú ẹ̀ kú, ọgbẹ́ tí ọ̀pọ̀ ìdílé ò tíì gbàgbé. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ni pé wọn ò fi irin kún ara bàálù tí wọ́n fi ń wọnú ìjì yìí. Mo ti rò pé wọ́n á ti di ìyẹ́ ẹ̀ lámùrè, pé wọ́n á ti fi nǹkan tó nípọn bo ara ẹ̀. Rárá o. Bí C-130 tó ń kó ẹrù ṣe lágbára náà ni tiwọn náà ṣe lágbára, ẹ̀rọ ìwádìí ojú ọjọ́ ló yàtọ̀, àti ọwọ́ àwọn tó ń wà á.

Èèyàn márùn-ún ló máa ń wà nínú ẹ̀: páílọ́ọ̀tì méjì, atọ́nà kan tó ń wá ibi tí wọ́n lè gbà láàárín àwọsánmà tó burú, onímọ̀ ojú ọjọ́ kan tó ń ka gbogbo nǹkan tí ẹ̀rọ bá mú wá, àti ẹnìkan tí wọ́n ń pè ní loadmaster tó ń ju dropsonde. Wọ́n lè wà lókè fún bíi wákàtí mọ́kànlá. Ẹ fojú inú wò ó, wákàtí mọ́kànlá! Wọ́n á gba ọ̀kánkán wọnú ìjì, wọ́n á gba inú ògiri ojú ìjì tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti le jù, wọ́n á já sínú ojú ìjì níbi tí gbogbo nǹkan ti dákẹ́, tí oòrùn lè máa ràn lókè orí wọn, wọ́n á sì tún gba ògiri ìdàkejì jáde. Tí wọ́n bá jáde tán wọ́n á yí padà, wọ́n á gba ẹ̀gbẹ́ mìíràn wọlé, tó jẹ́ pé tí èèyàn bá ya ipa ọ̀nà wọn sórí máàpù, lẹ́tà X ló máa rí. Ẹsẹ̀ X kọ̀ọ̀kan ń lọ tó 105 máìlì òkun láti àárín ìjì. Tó bá jẹ́ ìjì ńlá, nǹkan bíi 10,000 ẹsẹ̀ bàtà ni wọ́n máa ń fò sí, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kóra jọ, wọ́n lè wá sílẹ̀ dé 500 ẹsẹ̀ bàtà péré lórí omi òkun.

Dropsonde yẹn wá nìyí. Páìpù kékeré kan ni, kò gùn púpọ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ, ó ní párásúùtì tirẹ̀. Wọ́n á jù ú síta láti inú bàálù, bó ṣe ń bọ̀ nílẹ̀ ló ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́ sí, bí ó ṣe gbóná sí, bí omi inú afẹ́fẹ́ ṣe pọ̀ tó, àti pressure, ìyẹn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ tó, ó sì ń fi í ránṣẹ́ sókè léraléra láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan títí tó fi máa kan omi. Ìgbà tó bá kan omi, iṣẹ́ tirẹ̀ parí. Onímọ̀ ojú ọjọ́ inú bàálù á yẹ ohun tó rí wò, á fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ sátẹláìtì sí National Hurricane Center ní Miami, níbi tí àwọn kan láti inú ẹgbẹ́ wọn náà jókòó sí tí wọ́n ń gbà á.

Wọ́n máa ń bi mí pé ṣé sátẹláìtì ò tó ni, tó jẹ́ pé ẹ̀rọ tó wà lójú ọ̀run lè ya fọ́tò ìjì látòkè. Fọ́tò ló ń yà. Òkè àwọsánmà ló ń rí. Èèyàn lè wo fọ́tò kó sọ pé ìjì yìí á ti lágbára tó báyìí, ṣùgbọ́n àfojúdá ni. Tó bá di pressure tó wà nílẹ̀ nínú ojú ìjì, àti ibi tí àárín rẹ̀ wà gan-an báyìí, àti bí afẹ́fẹ́ tó lágbára ṣe tàn kálẹ̀ sí lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ẹni tó bá wọ ibẹ̀ ló lè sọ ọ́ pẹ̀lú ìdánilójú. Ìyẹn náà ló fà á tí wọ́n fi ń gbéra lóru. Aago 4 ìdájí, aago 10 àárọ̀, aago 4 ìrọ̀lẹ́, aago 10 alẹ́ ni Miami máa ń gbé ìkìlọ̀ jáde tí a bá fi aago tiwa níbí kà á, ohun tí bàálù bá rí sì gbọ́dọ̀ ti dé ọwọ́ wọn ṣáájú, nítorí náà ẹni tó fẹ́ wà nínú ojú ìjì kí aago 4 tó lù, ìgbà wo ni kó gbéra?

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. 27 July 1943, Colonel Joseph Duckworth àti Lieutenant Ralph O'Hair gbé bàálù kékeré onẹ́ńjìnnì kan, AT-6, láti Bryan ní Texas, wọ́n wọnú ìjì tó wà lẹ́bàá Galveston. Nígbà tí wọ́n padà dé, onímọ̀ ojú ọjọ́ ibẹ̀, Lieutenant William Jones-Burdick, ní òun náà fẹ́ lọ, Duckworth sì gbé e wọ inú ìjì náà lẹ́ẹ̀kejì lọ́jọ́ kan náà. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n dá ẹgbẹ́ tó di 53rd yìí sílẹ̀.

Ó yá, Katrina.

Apá ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá nílé wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì mọ̀. Ohun tó di Katrina kò bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ìgbì ojú ọjọ́ kan tó kúrò ní etíkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní nǹkan bíi 11 August wà lára ohun tó bí i. Irú ìgbì bẹ́ẹ̀ máa ń ti ìlà-oòrùn Áfíríkà bọ̀, á gba orí apá wa kọjá nígbà òjò, òmíràn á gbé àrá àti òjò lẹ́yìn, á wá bọ́ sórí òkun ńlá. Èyí tó pọ̀ jù lára wọn á kàn fọ́n ká, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn ìjì burúkú tó ń jà ní Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ni wọ́n ti wá. Nígbà tí màmá mi bá pè mí láti Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà òjò pé àrá ò jẹ́ káwọn sùn, mo máa ń lọ wo máàpù Atlantic lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ó ti di àṣà mi.

Ìgbì yẹn kọjá lórí òkun, ó bá ìyókù ìjì mìíràn tó ti fọ́ pàdé, nígbà tó di 23 August wọ́n rí i pé ìjì kan ti ń kóra jọ ní Bahamas. Ọjọ́ kejì ni wọ́n sọ ọ́ ní Katrina. Ìrọ̀lẹ́ 25 August ló wọ gúúsù Florida, lẹ́bàá Miami, ìjì hurricane ìpele kìíní nínú márùn-ún, nǹkan bíi 80 máìlì ní wákàtí kan. Ó pa èèyàn níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa máa ń gbójú fo ìyẹn torí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Ó gba orí ilẹ̀ kọjá fún bíi wákàtí mẹ́fà, ó já sínú Gulf ní ìdájí Friday 26 August, omi Gulf sì gbóná gan-an lásìkò yẹn, bíi kí wọ́n da epo sínú iná ni.

Àárọ̀ Friday yẹn, ohun tí ìwé ìkìlọ̀ ṣì ń sọ ni pé ó ń lọ sí apá Florida lókè lọ́hùn-ún. Àwọn ará ibí sì mí kanlẹ̀. Nígbà tó máa fi di alẹ́ Friday, ìsọtẹ́lẹ̀ ti yí padà sápá ìwọ̀-oòrùn, ó ti ń tọ́ka sí Mississippi àti Louisiana, ó ku bíi wákàtí mẹ́rìndínlọ́gọ́ta kí ìjì náà tó wọlé. Látìgbà yẹn, ìlà tí Miami fà kò fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀ mọ́. Ẹ ronú sí i: ẹni tó mọ̀ ní alẹ́ Friday, ó ní gbogbo Saturday àti Sunday láti di ẹrù. Kì í ṣe bàálù Keesler nìkan ló ṣiṣẹ́ yẹn, NOAA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ òkun àti ojú ọjọ́, náà ní tiwọn, bàálù P-3 tó ń wọnú ìjì bíi tàwọn ti Keesler, àti jẹ́ẹ̀tì kan tó ń fò yí ìjì ká lókè téńté ní 45,000 ẹsẹ̀ bàtà, tó ń wá afẹ́fẹ́ tó máa darí ìjì náà. Gbogbo wọn ló jọ ṣe é.

Saturday, ó ti di ìpele kẹta. Àwọn bàálù ń wọnú ẹ̀, wọ́n ń jáde. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni Max Mayfield tó jẹ́ ọ̀gá National Hurricane Center nígbà náà gbé fóònù fúnra rẹ̀, ó pe gómìnà Louisiana, ó pe gómìnà Mississippi, ó pe Ray Nagin tó jẹ́ olórí ìlú New Orleans. Ohun tó mú un lọ́kàn le tó bẹ́ẹ̀ ni nọ́ńbà tó wà níwájú rẹ̀, nọ́ńbà tí ẹnì kan jókòó sínú bàálù tó ń mì tìtì láti kó wá.

Àárọ̀ Sunday 28 August, Katrina ti di ìpele karùn-ún, kò sì tó wákàtí méjìlá tó fi fò láti ìpele kẹta débẹ̀. Nígbà tó di nǹkan bí aago kan ọ̀sán, pressure inú ojú rẹ̀ ti wálẹ̀ dé mílíbà 902 (mílíbà ni wọ́n fi ń ka pressure), afẹ́fẹ́ rẹ̀ dé 175 máìlì ní wákàtí kan. Bàálù ló wọn pressure yẹn. Bí pressure bá ṣe wálẹ̀ sí ni ìjì ṣe ń lágbára sí, afẹ́fẹ́ ojoojúmọ́ tó wà lára wa yìí wà ní ẹgbẹ̀rún kan lé díẹ̀, nítorí náà 902 jẹ́ nǹkan tí onímọ̀ ojú ọjọ́ á rí tí ẹnu rẹ̀ á ya.

Ibí yìí lọ̀rọ̀ ti wá dun mí jù. Àwọn tó wà nínú bàálù yẹn, tí wọ́n ń wo nọ́ńbà yẹn lórí kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ń fà á sórí máàpù pé ibi tó ń lọ nìyí, ilé wọn ló wà níbẹ̀. Ìyàwó wọn, ọkọ wọn, bàbá àti ìyá wọn wà ní Biloxi, ní Ocean Springs, ní Gulfport, ní D'Iberville. Gbogbo àwọn ará ìlú yòókù ń gbọ́ ìkìlọ̀ lórí réédíò, wọ́n lè tan ara wọn jẹ pé bóyá ó máa yẹ̀, pé Ọlọ́run á gbà á lọ síbòmíràn. Àwọn tó wà nínú bàálù ò lè tan ara wọn jẹ torí àwọn fúnra wọn ló wọ̀n ọ́n. Wọ́n kó bàálù kúrò ní Keesler kí omi má bàa bá a níbẹ̀, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ lọ láti Dobbins, bárékè kan ní Georgia. Ẹ̀rọ tó jẹ́ ti ìjọba ti sá, ó ti wà lábẹ́ ààbò, ṣùgbọ́n ilé ò ṣeé gbé sá.

Mo ti bi obìnrin kan ládùúgbò wa tí ọkọ rẹ̀ wà nínú iṣẹ́ yẹn nígbà náà, mo ní Mà, kí lẹ sọ fún un kó tó lọ? Ó ní àwọn ò sọ nǹkan púpọ̀. Ó ní ọkọ òun kàn sọ fóun pé kóun má dúró ní Biloxi rárá, ì báà jẹ́ wákàtí kan, bí ó sì ṣe sọ ọ́ lòun ṣe mọ̀ pé òótọ́ ni, òun kó àwọn ọmọ sínú mọ́tò, òun gba ọ̀nà àríwá lọ. Ilé wọn ò sí níbẹ̀ mọ́ nígbà tí wọ́n padà dé. Kò sunkún nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi o, ohun tó ń tẹnu mọ́ ni pé òun àti àwọn ọmọ òun yè.

Ọ̀pọ̀ tí ò sá, kì í ṣe pé wọ́n ya olórí kunkun. Camille ló tàn wọ́n. Lọ́dún 1969, ìjì Camille, ìpele karùn-ún, jà ní etíkun kan náà yìí, ó sì wà lára àwọn tó burú jù tó tíì wọ Amẹ́ríkà rí. Ilé tí omi Camille ò dé, gbogbo ará ilé náà gbà pé kò sí omi tó lè débẹ̀ mọ́ láéláé. Tí Katrina wá ń bọ̀, tí wọ́n gbọ́ pé ó ti wálẹ̀ sí ìpele kẹta kó tó wọlé, wọ́n ní àwọn tó rí Camille kọjá, kí ni ti ìpele kẹta? Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ìpele yẹn, bí afẹ́fẹ́ ṣe le tó ni, kì í sọ bí ìjì ṣe fẹ̀ tó. Katrina fẹ̀ kọjá sísọ. Afẹ́fẹ́ tó tó hurricane tàn dé 90 máìlì òkun láti àárín rẹ̀, èyí tó tó ìjì líle tàn dé 200. Òun ló ń ti omi Gulf bọ̀ fún odidi ọjọ́ gbáko, láti ìgbà tó ṣì wà ní ìpele karùn-ún, omi tó ti tì bọ̀ ò sì mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ti rọlẹ̀ díẹ̀. Àwọn tó ń fo X yẹn, ìdí tí wọ́n fi ń jáde jìnnà tó bẹ́ẹ̀ láti àárín ìjì kí wọ́n tó yí padà nìyẹn, kí wọ́n lè mọ ìbú rẹ̀. Mo máa ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé pé tí ìjì bá ń bọ̀, kí wọ́n má wo ìpele nìkan, kí wọ́n wo bó ṣe fẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ní omi máa ga tó.

Ìdájí Monday, 29 August, nǹkan bí aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó wọ Buras ní Louisiana, ó tún wọlé lẹ́ẹ̀kejì ní ààlà Louisiana àti Mississippi kí aago mẹ́wàá tó lù. Apá ọ̀tún ìjì ló máa ń ti omi jù, apá ọ̀tún yẹn gan-an ni Biloxi wà. Ní Pass Christian, omi ga tó ẹsẹ̀ bàtà 27.8. Ilé alájà méjì ò ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Waveland àti Bay St. Louis, òpópónà tó sún mọ́ òkun kàn di pẹpẹ sìmẹ́ǹtì lásán, ilé ti lọ. Afárá US 90 tó so Biloxi pọ̀ mọ́ Ocean Springs wó, pákó kọnkéré rẹ̀ dùbúlẹ̀ lórí ara wọn, ọdún 2007 ni wọ́n tó ṣí tuntun. Àwọn kásínò tó ń léfòó lórí omi, ìjì gbé wọn sọ sórí ilẹ̀, ọ̀kan dùbúlẹ̀ sórí títì. Ilé iná Biloxi tó ń tọ́ ọkọ̀ ojú omi sọ́nà, tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1848, dúró, ó ṣì dúró di òní. Keesler náà rí omi, apá tó pọ̀ nínú bárékè náà kún, títí kan ìsàlẹ̀ ilé ìwòsàn wọn. Ní Mississippi nìkan, èèyàn tó lé ní igba ló kú.

Ní Louisiana, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní New Orleans, gbogbo ayé mọ̀ ọ́n, odi omi ló já. Mo fẹ́ sọ òótọ́ lórí ibí yìí: ìkìlọ̀ dé lákòókò. Èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan ló jáde kúrò ní agbègbè yẹn kí ìjì tó dé, ọ̀pọ̀ nínú wọn wà láàyè lónìí torí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ ò lè gbé ẹni tí ò ní mọ́tò, kò lè gbé bàbá arúgbó tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, Sunday ni wọ́n sì tó pàṣẹ pé kí gbogbo ìlú jáde. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi àwọn tó fò. Wọ́n ṣe tiwọn pé. Àwọn tó yẹ kó gba nọ́ńbà yẹn lọ́wọ́ wọn kó sì fi gbé ẹsẹ̀ kíákíá ni ọ̀rọ̀ kù sí lọ́wọ́.

Nísinsìnyí ẹ gbọ́ èyí tó kù. Lẹ́yìn Katrina, ọ̀pọ̀ nínú àwọn Hurricane Hunters àti àwọn tó ń tún bàálù ṣe, ilé wọn ti lọ tàbí ó ti bà jẹ́. Ẹnikẹ́ni á gbà kí wọ́n sọ pé ká dúró ná, ká lọ wá ibi tí ọmọ wa máa sùn. 2005 ò dúró dè wọ́n. Ìjì tí wọ́n sọ lórúkọ lọ́dún yẹn pọ̀ débi pé orúkọ tí wọ́n tò sílẹ̀ tán, wọ́n ní láti máa fi lẹ́tà Gíríìkì pè wọ́n. Oṣù kẹsàn-án, Rita dé inú Gulf, mílíbà 895, ó tún lágbára ju Katrina lọ. Wọ́n wọ ibẹ̀. Oṣù kẹwàá, Wilma. Ìdájí 19 October, bàálù wọn wà nínú Wilma nígbà tí ojú rẹ̀ fún dé máìlì òkun méjì péré, ọ̀kan lára ojú ìjì tó kéré jù tí wọ́n tíì rí, dropsonde tí wọ́n jù ló jẹ́ ká mọ̀ pé pressure ẹ̀ ti wálẹ̀ dé 882. Kò tíì sí ìjì kankan ní Atlantic tó wálẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Àwọn tí kò nílé ló wọn ìyẹn o. Kò sí ìgbà kan ní gbogbo àkókò yẹn tí Miami rán wọn níṣẹ́ tí wọn ò lọ. Mo ti ka gbólóhùn yẹn lọ́pọ̀ ìgbà, ó ṣì máa ń jẹ́ kí n dákẹ́ díẹ̀.

Ẹ̀mí èèyàn sì ti lọ sínú iṣẹ́ yìí rí. Ní September 1955, bàálù Navy kan wọnú ìjì Janet ní Caribbean, òṣìṣẹ́ mẹ́sàn-án àti oníròyìn méjì ló wà nínú ẹ̀, a ò rí wọn mọ́. Ní October 1974, WC-130 kan tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ tó wà ní Guam wọnú ìjì Bess ní Pacific, èèyàn mẹ́fà, àwọn náà ò padà. Mọ̀lẹ́bí C-130 kan náà nìyẹn. Gbogbo páílọ́ọ̀tì tó ń gbéra ní Keesler mọ ìtàn yìí.

Àwọn àgbà wa sọ pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ní àdúgbò wa, a ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe nǹkan díẹ̀díẹ̀. Tí ìjì bá wà nínú Gulf tí a mọ̀ pé ẹnì kan láti òpópónà wa wà lókè, àwọn ọkùnrin á lọ bá ìdílé rẹ̀ kan pákó mọ́ fèrèsé kí wọ́n tó kan tiwọn, torí ẹni tó yẹ kó kàn án wà nínú ìjì. Ìyàwó mi máa ń se ìrẹsì àti dòdò lọ fún wọn, wọ́n ti mọ dòdò báyìí, wọ́n máa ń bèèrè rẹ̀ ni. Èmi fúnra mi máa ń kọ ìwé ìkíni ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ náà ní ìparí November tí àsìkò ìjì bá parí, ṣùgbọ́n ìsinmi wọn ò pọ̀, torí ìgbà òtútù ni wọ́n tún ń lọ ṣèwádìí àwọn ìjì òjò tó ń bọ̀ láti Pacific sí California àti àwọn ìjì yìnyín etíkun ìlà-oòrùn.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Houston, ní Miami, ní Atlanta, tí ẹ kì í gbọ́ ariwo bàálù wọn, ẹ̀yin náà ń jẹ lára iṣẹ́ yìí. Tí ìjì bá ń bọ̀ tí ẹ bá ń ka ìkìlọ̀ National Hurricane Center, ẹ wo inú rẹ̀ dáadáa, ẹ máa rí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé bàálù Air Force Reserve ló wọn nǹkan báyìí báyìí. Èèyàn márùn-ún ni wọ́n ń sọ yẹn. Gbogbo ohun tí dropsonde bá fi ránṣẹ́ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ẹnikẹ́ni lè kà á. Nígbà tí àsìkò ìjì bá sì ń sún mọ́lé lọ́dọọdún, wọ́n máa ń gbé ọ̀kan nínú àwọn bàálù náà yí àwọn ìlú kan ká, lọ́dún kan etíkun Gulf, lọ́dún mìíràn etíkun Atlantic, kí aráàlú wá wò ó. Ẹ mú àwọn ọmọ yín lọ. Wọ́n máa ń jẹ́ kí èèyàn wọnú ẹ̀, kí wọ́n rí ibi tí onímọ̀ ojú ọjọ́ ń jókòó sí àti páìpù kékeré tó ń já sínú ìjì, ẹ sì lè bi páílọ́ọ̀tì ní ìbéèrè tó bá wù yín, ó máa dá yín lóhùn.